Ojú Tí Mo Fi Bá Ọmọ Ọlọ́mọ Wí

Òṣogbo,
12 oṣù kìíní, 2025.

Kàmál Àkànó mi,

Àsàlámù aléékùm. Ṣé òtútù ìlú yẹn ò tíì gbé ọ mì? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì náà ni? Èmi wà láàyè, alihamudulilahi. Orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, ọyẹ́ sì ti la gbogbo wa létè níbí.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, "Màámi, mo wà níbi iṣẹ́" ni. Tí ìwọ bá pè, kí n tó kí ọ tán, o ti ń sáré. Lẹ́tà kì í sáré. Màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ránṣẹ́ lórí wasáàpù, kí o kà á nígbà tí ọkàn rẹ bá balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe dá mi lóhùn. Mi ò fẹ́ "ókè mà" o.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni. O gbọ́ pé Salmah ò ríṣẹ́ lẹ́yìn tó sin ìlú tán, ṣùgbọ́n mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ọmọ yẹn kọjú sí ògiri láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Mo máa ń fetí lé ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n lè gbọ́ bóyá ó ń mí. Oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé aládàáni kan ní Iléṣà gbà á, ó sì dìde bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Tó bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ń já mi láyà. Ọmọ márùn-ún ló kó jọ, òun ni kóòṣì wọn, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ronú sí ìṣòro. Wọ́n máa bá àwọn ilé-ìwé mìíràn díje ní Òṣogbo níbí. Wọn á gbé nǹkan kan síwájú wọn, ó lè jẹ́ okùn, ó lè jẹ́ agolo tó ti lu, wọn á ní kí wọ́n sọ oríṣiríṣi ohun tí èèyàn lè fi ṣe. Salmah ní òfin rẹ̀ ni pé kí kálukú sọ ohun tó bá ti wá sí i lọ́kàn, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ wèrè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ pé kò dáa títí wọn á fi da gbogbo èrò wọn sílẹ̀ tán. Mo ní, "Àgbàlagbà tó bá wà níbẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Màámi, àgbàlagbà gan-an ni òfin yẹn ń bá wí." Kàmál, irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?

Mádàámù tó ni ilé-ìwé ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí àwọn ọmọ náà ò bá sí lára ẹgbẹ́ mẹ́ta tó mókè, òun á tú wọn ká, Salmah náà á sì máa lọ, nítorí wọn ni òun ṣe gbà á. Bó bá pàdánù iṣẹ́ yìí, mi ò mọ̀ bóyá ó tún lè dìde. Ìwọ tó wà nílùú Òyìnbó tí irú nǹkan báyìí ti ń wá, bá wa wádìí ohun tí wọ́n máa ń béèrè àti ìdáhùn rẹ̀, kí n kó o fún wọn. Má jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ìyá rẹ,
Nọ́síràtù Àpìkẹ́.


Lẹ́sítà,
26 oṣù kìíní, 2025.

Màámi,

Wà aléékùmù sàlámù. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó dáhùn. Wọ́n ti yí àkókò iṣẹ́ mi padà, àárọ̀ ni mo ń sùn báyìí. Mo ń jẹun. Ẹ̀bà ni mo jẹ lánàá.

Ẹ bá mi fi àdúrà sí orúnkún yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà wò ó. "Ó ti lọ sílẹ̀" tí ẹ máa ń wí yẹn kọ́ o.

Inú mi dùn sí ti Salmah. Ṣùgbọ́n Màámi, mi ò lè fi ìdáhùn kankan ránṣẹ́. Kì í ṣe ahun. Ìdíje yẹn ò ní ìdáhùn tí èèyàn lè há sórí. Ohun tí ọmọ náà bá rò níbẹ̀, tí ẹlòmíràn ò rò, ni wọ́n ń fún un ní máàkì lé lórí. Bí adájọ́ bá sì fura pé àgbàlagbà ló fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, ó ti parí fún wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Salmah ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n. Òun ló kàwé rẹ̀.

Mo kí gbogbo àwọn ará àdúgbò.

Ọmọ yín,
Kàmál.


Òṣogbo,
3 oṣù kejì, 2025.

Kàmál,

Mo ka lẹ́tà rẹ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní kí wọ́n fún òun lómi, tí wọ́n wá ń júwe ọ̀nà odò fún un. Ó dáa, a dúpẹ́.

Nígbà tí o ò ran wá lọ́wọ́, mo wọkọ̀ ní Old Garage, mo gba Iléṣà lọ, mo lọ fojú ara mi wò wọ́n. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá Salmah! Òun àtàwọn ọmọ jókòó káàkiri sórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀ga. O ò lè mọ èwo ni tíṣà nínú wọn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, Akíndélé, òun ni àgbà wọn, ọdún yìí ló máa ṣe ìdánwò àṣejáde. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó dìde fún mi ní àga. Èyí tó kéré jù nínú wọn ń jẹ́ Àyànfẹ́olúwa, ọmọbìnrin Ifẹ̀wàrà, àwọn òbí rẹ̀ ń dá oko kòkó níbẹ̀. Ó ń fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ilé ní "ulé", iṣẹ́ ní "uṣẹ́", kò sì lè pa ẹnu dé kí eṣinṣin bà lé e.

Salmah bi wọ́n pé, bí a bá sá kòkó sóòrùn tí òjò dé lójijì, tí kò sí ẹni nílé, kí ni ká ṣe? Akíndélé ní ká ra tapólì. Òmíràn ní ká kọ́ ilé bò ó. Ni Àyànfẹ́olúwa bá ní, "Ká wọ bàtà fún kòkó náà, kó sá wọlé fúnra rẹ̀!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé Salmah á jágbe mọ́ ọn ni. Ó ní, "Ó dáa, bàtà. Ta ló máa fi nǹkan kún bàtà?" Wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń fi kún un, títí Akíndélé fi ní, "Táyà! Ká fi táyà kéékèèké sí ẹsẹ̀ pẹpẹ tí a sá a sí, kí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan tì í wọ abẹ́ òrùlé." Salmah pàtẹ́wọ́ fò sókè. Mi ò rí i kó fò rí láti ìgbà tó ti dàgbà.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ká sọ tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ Ifẹ̀wàrà yẹn ń bà mí. Ọmọ tí kò ní ìjánu lẹ́nu, tí wọ́n bá gbé e síwájú àwọn èèyàn ńlá, kí ló máa sọ? Ilé wa ni wọ́n máa sùn mọ́jú ọjọ́ ìdíje. Màá fojú sí i.

Fèsì o.

Ìyá rẹ.


Òṣogbo,
Ọjọ́ Jímọ̀, 14 oṣù kejì, 2025.

Kàmál ọmọ mi,

O ò fèsì. Mo rí i pé o ti kà á, àmì rẹ̀ ti di búlúù. Kò burú.

Àwọn ọmọ ti dé láti ọ̀sán. Iyán ni mo gún fún wọn, torí Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ sọ nílé pé ebi Òṣogbo pa àwọn. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́ jẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Salmah lọ forúkọ wọn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa ṣe é, lójú ọ̀nà Àbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa dánra wò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mi kan tí ìdí rẹ̀ ti já ni wọ́n gbé sáàárín. Akíndélé ní, "A lè fi ṣe ibi tí adìẹ á máa yé sí." Ọ̀kan ní a lè gbin ata yí i ká. Ni Àyànfẹ́olúwa bá ní, "A ó fi dé Màmá lórí, kí ohùn wọn má bàa dé ilé kejì mọ́!"

Kàmál, èmi ni Màmá yẹn o! Nínú ilé mi, lórí iyán mi! Wọ́n ń yí gbiri nílẹ̀.

Mo jáde láti yàrá. Mo ní, "Ìwọ, dìde. Ta ló bí ọ?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Àǹtí ní ká máa sọ ohun tó bá wá sí wa lẹ́nu."

Mo ní, "Itọ́ náà máa ń wá sí èèyàn lẹ́nu. Ṣé ojú àgbà lo máa ń tu ú sí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀. Mo wá tò wọ́n bó ṣe yẹ kí ọmọ tò: Akíndélé tó jẹ́ àgbà ni kó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó wá máa tẹ̀ lé ọjọ́ orí. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ gidi, kó panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa bú u. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn máa kọ́kọ́ wo ojú àgbà kó tó sọ̀rọ̀, bí mo ṣe kọ́ ẹ̀yin náà.

Láti ìgbà yẹn ni ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́. Salmah dé, ó ní, "Kí ló ṣe wọ́n?" Mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n ni. O ò bá rí bí Àyànfẹ́olúwa ṣe rọra jókòó, tó ká ọwọ́ lé itan. Lọ́la, àwọn adájọ́ á rí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Èmi náà máa lọ jókòó síbẹ̀. Bá wa ṣe àdúrà.

Ìyá rẹ,
Nọ́síràtù Àpìkẹ́.


Lẹ́sítà,
15 oṣù kejì, 2025.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń ka lẹ́tà yín, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀ ni. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Fóònù Salmah wà ní pípa. Bí ẹ bá rí èyí kí wọ́n tó wọlé, ẹ pe ọmọ Ifẹ̀wàrà yẹn sí kọ̀rọ̀, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àná ti tán, kó máa sọ ohun tó bá wù ú. Ẹ má rán ẹlòmíràn sí i, kò ní gbà á gbọ́. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Màámi, ọmọ yẹn ni ìdáhùn tí ẹ ní kí n wá fún yín.

Kàmál.


Òṣogbo,
17 oṣù kejì, 2025.

Kàmál,

Inú báàgì ni fóònù mi wà. Wọ́n ní kí gbogbo wa pa á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. A ti délé kí n tó rí ohun tí o kọ.

Wọn ò mókè. Wọn ò sún mọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ rárá.

Agboòrùn kan tí aṣọ rẹ̀ ti ya ni wọ́n gbé fún wọn. Akíndélé dìde, ó sọ nǹkan mẹ́ta tó mọ́gbọ́n dání, ó wá wo èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ní, "Ohun tí Akíndélé sọ náà ni mo fẹ́ sọ." Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Aago wọn ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan mọ́ títí agogo fi dún. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ilé-ìwé kan gun orí pèpéle, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu, ọ̀kan ní òun á fi agboòrùn náà sin òkú aláǹgbá. Àwọn adájọ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ máàkì. Ṣé ohun tí ayé dà nìyẹn?

Ooru pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ń hu bí ajá. Àti pé ká má tan ara wa, Salmah ò kọ́ wọn ní ìgboyà tó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ṣé ìbáwí kan péré ló máa pa á lẹ́nu mọ́?

Salmah ò sunkún. Mo bá wọn dé Old Garage níbi tí wọ́n ti wọkọ̀ Iléṣà. Mo ní, "Salmah, ó dàárọ̀." Kò yíjú.

Ìwọ náà sì ti gbé ẹ̀bi rẹ̀ kà mí lórí láti ìlú Òyìnbó. Mi ò ṣe ju ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe lọ.

Ìyá rẹ.


Lẹ́sítà,
2 oṣù kẹta, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn.

Mo ti ń kọ lẹ́tà yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń ya á. Ẹ fọwọ́ wọ́nú.

Mo ti bá Salmah sọ̀rọ̀. Ó ní nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà sí Iléṣà, Àyànfẹ́olúwa sunkún títí ó fi bì. Ó ní òun ní nǹkan tí òun fẹ́ sọ nípa agboòrùn yẹn, ó ti dé òun létè, òun wá wo ibi tí ẹ jókòó sí, bí ẹ ṣe kọ́ òun, ẹ sì ranjú mọ́ òun. Màámi, ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Gbogbo ọjọ́ Ajé, a máa ń jókòó yíká tábìlì níbi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá wa, ọmọdé ni sí mi, á ní kí kálukú mú èrò wá. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, mi ò lanu rí. Kì í ṣe pé mi ò ní i. Mo mọ ọ̀nà tí wọn ò fi ní máa kó ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ojú yín ni mo ń rí. Ojú tí ẹ máa ń là sí mi bí àlejò bá wà nílé, tí mo bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan tó dé láìpẹ́ ló sọ èrò yẹn lọ́jọ́ kan. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí wa. Ìwé tí wọ́n kọ sí mi, wọ́n ní òṣìṣẹ́ dáadáa ni mí, àmọ́ mi ò ní èrò.

Mi ò sọ fún yín torí mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà, Màámi. Ibi àdúrà nìkan ni ẹnu mi ti ń ṣí.

Kàmál.


Òṣogbo,
9 oṣù kẹta, 2025.

Kàmál,

Inú ààwẹ̀ ni o ti kọ irú lẹ́tà yìí sí ìyá tó bí ọ. Ó dáa.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ti wá di àbùkù. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí mo ń jí lọ sí iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, ta ló gbà yín sílé? Àwọn aládùúgbò ni. Kí ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà yín? Wọ́n ní, "Ọmọ Ìyá Kàmál kì í yájú, ọmọ Ìyá Kàmál kì í já ọ̀rọ̀ gbà." Ẹnu yín tí mo pa mọ́ ni ẹ fi jẹun. Ìwọ ò mọ ìyẹn. Bí wọn ò bá fi ọ́ ṣe olórí níbẹ̀, ṣé èmi ni mo ní kí o má sọ̀rọ̀ fún Òyìnbó?

O béèrè bóyá mo ranjú mọ́ ọmọ náà. Mi ò ní dá ọ lóhùn. Ọmọ kì í bi ìyá rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn.

Nọ́síràtù.


Òṣogbo,
6 oṣù kẹrin, 2025.

Kàmál Àkànó,

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá. O ò pè mí. Mo gbé fóònù dání dé yídì, mo gbé e dání bọ̀. Àwọn èèyàn ń bi mí pé, "Kàmál ńkọ́?" mo ní o ti pè mí láàárọ̀. Mo parọ́ lọ́jọ́ ọdún.

Salmah ti wálé. Mádàámù ṣe ohun tó sọ, ó tú ẹgbẹ́ náà ká, ó sì ní kí Salmah máa lọ ní ìparí sáà. Ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, ó kí mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni mà" àti "Rárá mà" lọ. Ó ti padà sórí ibùsùn, ó ti kọjú sí ògiri tó ń kọjú sí tẹ́lẹ̀. Mo tún ti ń fetí lé ilẹ̀kùn.

Màá dáhùn ìbéèrè rẹ.

Nígbà tí wọ́n gbé agboòrùn yẹn jáde, tí Akíndélé sọ tiẹ̀ tán, tí gbogbo wọn dákẹ́, mo rí i pé wọ́n ti ń ṣubú lọ. Mo rí Salmah níwájú, ó di ẹ̀gbẹ́ àga mú. Ni Àyànfẹ́olúwa bá gbójú sókè, ó ń wá mi kiri láàárín èrò títí ojú wa fi pàdé. Kàmál, mo fi Ọlọ́run búra, mo fẹ́ sọ fún un pé, "Ó yá, sọ ọ́! Sọ ohunkóhun!" Mi ò lè pariwo, wọ́n á lé wọn. Ni mo bá la ojú mi, mo là á gan-an, mo na ọrùn sí i, kó lè mọ̀ pé mo ti gbà fún un.

Ó tẹ orí ba.

Mo tún là á sí i. Ṣe ló ń kéré lórí ìdúró. Mo wá rántí ohun tí ojú yẹn jẹ́ lójú ọmọ. Mi ò ní òmíràn. Gbogbo ìgbà tí mo fi tọ́ yín, ojú kan náà ni mo fi ń dá yín dúró, mi ò kọ́ èyí tí wọ́n fi ń ti ọmọ síwájú. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wá a lójú ara mi, mi ò rí i.

Mi ò lè sọ ọ́ fún Salmah. Ìwọ ni mo sọ fún.

Ìyá rẹ.


Lẹ́sítà,
13 oṣù kẹrin, 2025.

Màámi,

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bínú sí mi nítorí ọdún. Mo gbé fóònù náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ.

Salmah ò gbé ìpè mi. Ẹ̀rù ń bà mí nípa rẹ̀. Mo wá pe Mádàámù rẹ̀ fúnra mi. Ó ní bí àwọn ọmọ náà bá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ padà, òun á fún ẹgbẹ́ náà láyè sí i, òun á sì gba Salmah padà. Ó ní òun ti bi wọ́n. Àwọn yòókù ní, bí Àyànfẹ́olúwa bá ń ṣe é, àwọn náà á ṣe é. Àyànfẹ́olúwa nìkan ni kò dáhùn.

Ẹ lọ sí Ifẹ̀wàrà, Màámi. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ṣáà lọ.

Ọmọ yín,
Kàmál.


Òṣogbo,
4 oṣù karùn-ún, 2025.

Kàmál ọmọ mi,

Mo lọ lánàá. Orúnkún yìí kò jẹ́ kí n tètè lọ. Láti Iléṣà, ọ̀kadà ni mo gùn dé Ifẹ̀wàrà, torí ọkọ̀ ò tètè kún. Bàbá Àyànfẹ́olúwa ń tú kòkó lórí ẹní nígbà tí mo wọlé. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, àgbàlagbà tó ní irun funfun.

Wọ́n pe ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé títí mo fi ní kó wọlé. Mo ní kí bàbá rẹ̀ fún wa láyè díẹ̀.

Mo ní, "Àyànfẹ́olúwa, mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, mà."

Mo ní, "Ojú tí mo là sí ọ lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí o sọ̀rọ̀ ni."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o gbà mí gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo fẹ́ sọ nípa agboòrùn náà?"

Ó wo ojú mi, Kàmál. Ó kọ́kọ́ wo ojú mi ná. Mo wá gbé ojú kúrò, mo ń wo ògiri, kó lè ráyè. Ó ní, "Mo ti gbàgbé, mà."

Mo ní kó bú mi. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ wèrè kan, èyíkéyìí. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo bi í bóyá ó fẹ́ padà sínú ẹgbẹ́ náà nítorí Àǹtí rẹ̀. Ó ní ohun tí mo bá fẹ́ ni òun náà fẹ́. Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ tí Mádàámù ń béèrè. Ohùn rẹ̀ dára, ó tutù. Ọmọ tí gbogbo ìyá máa ń gbàdúrà fún.

Bàbá rẹ̀ wọlé, ó ní ṣé a ti parí. Ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọmọ yìí ti sú òun tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ò lè bọ́ sílẹ̀ kó má gbé e, ó ti tàbùkù òun lójú àwọn ẹbí. Ó ní láti ìgbà tó ti sùn nílé mi, bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ni. "Ìyá, ẹ bá wa tọ́ ọmọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fi ṣe ohun tí àwa ò rí ṣe."

Ó ní àbúrò Àyànfẹ́olúwa kan wà, ọkùnrin, tí ẹnu tiẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Ó ń béèrè bóyá òun lè mú un wá sọ́dọ̀ mi nígbà ọlidé, kí n bá òun fojú sí i. Ọmọ náà ń sáré káàkiri lẹ́yìn ilé, ó ń bá adìẹ jiyàn, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ó wà lórí ahọ́n mi. Gbogbo wọn ń wò mí, bàbá náà ti tẹ́wọ́ bí ẹni gba àdúrà, Àyànfẹ́olúwa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ mú un wá. A dúpẹ́."

Salmah gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo wọlé, kò béèrè ibi tí mo lọ.

Ìyá rẹ,
Nọ́síràtù Àpìkẹ́.